Ẹ Họ Ojú Páálí Oògùn Yín Kí Ẹ Tó Gbé E Mì

Ọ̀rọ̀ tèmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni mo ń bá wí.

Àbúrò mi obìnrin ló gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan nílé mi ní Ẹdẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èsì sì fi hàn pé ibà ló ń ṣe é. Wọ́n ti kọ oògùn fún un, kí á rà á ló kù. Ara ọmọ náà gbóná bí ààrò. Mo sáré wọ bàtà, mo gba ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn lọ. Ó mú páálí kan fún mi. Ibi kékeré kan wà lójú páálí náà tí wọ́n fi àwọ̀ fàdákà bò, irú èyí tó máa ń wà lára káàdì ìpè, ṣùgbọ́n wọ́n ti họ ọ́. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Èmi ni mo họ ọ́, mo ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ojúlówó ni.” Ojú tì mí láti bá a jiyàn. Ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ sì ń ké nílé. Mo sanwó, mo bá tèmi lọ.

Bó ṣe yẹ kí á lo oògùn náà la ṣe lò ó, a kò fo ìgbà kan. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ara ọmọ ṣì ń gbóná, kò lè dá jókòó mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí páálí. Mo fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ fàdákà náà ránṣẹ́ láti orí fóònù mi. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: wọ́n ti yẹ nọ́ńbà yìí wò tẹ́lẹ̀, kí n ṣọ́ra. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti wà ní ọsibítù. Wọ́n dá ọmọ dúró, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, ara rẹ̀ yá.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ayédèrú ni oògùn náà, nítorí a kò gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ. Ó sì lè jẹ́ pé páálí tí ẹlòmíràn ti lò kọjá ni wọ́n kó nǹkan mìíràn sí. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé ohun tí mo lè fi bèèrè wà lọ́wọ́ mi kí ọmọ tó gbé ẹyọ àkọ́kọ́ mì, alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ pé ibà ọjọ́ mẹ́ta tó láti gba ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á jọ sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ fàdákà ojú páálí oògùn: ohun tó gbé e dé, bí a ṣe ń lò ó, àti ohun tí kò lè sọ fún wa. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù.

KÍ LÓ GBÉ E DÉ?

Ọ̀rọ̀ oògùn burúkú kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1990, àwọn ọmọdé 109 ló kú ní Ìbàdàn àti Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi tí èròjà olóró kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín ni èròjà yìí máa ń bà jẹ́. Ọmọ tó bá mu ún kò ní lè tọ̀ mọ́, ara rẹ̀ á wú, yóò sì kú bí wọn kò bá tètè rí nǹkan ṣe sí i. Ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn.

Síbẹ̀, wàhálà kò tán. Àwọn onímọ̀ kan ra oògùn 581 ní ilé oògùn 35 ní Èkó àti Àbújá, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2001 nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet. Nínú oògùn 581 yẹn, 279 ni kò bá ìwọ̀n tó yẹ mu. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìdajì. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ ayédèrú o. Oògùn lè má pé ìwọ̀n nítorí pé ilé iṣẹ́ kò ṣe é dáadáa, ó sì lè jẹ́ ooru ló bà á jẹ́ níbi tí wọ́n kó o sí. Ṣùgbọ́n ìyà kan náà ló ń fi jẹ aláìsàn.

Ọdún 2001 yẹn náà ni Dora Akunyili di ọ̀gá NAFDAC. Apòògùn ni obìnrin yìí, ayédèrú insulin, abẹ́rẹ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ló sì pa àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́dún 1988. Ó gbógun ti àwọn oníṣẹ́ ibi náà débi pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, àwọn agbébọn yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀, ọta ìbọn gba inú gèlè orí rẹ̀ kọjá, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó ti di olóògbé láti ọdún 2014, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ púpọ̀ nínú wa láti máa wá nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tí a bá fẹ́ rà.

Ìwà yẹn dára, ẹ má fi sílẹ̀. Àmọ́ àwọn ọ̀dàràn náà kì í sùn. Ẹni tó lè tẹ páálí ayédèrú lè tẹ nọ́ńbà NAFDAC sí i lára pẹ̀lú, nítorí nọ́ńbà kan náà ló wà lára gbogbo páálí oògùn kan. Kí ó kàn wò ó kọ ni.

BÍ NỌ́ŃBÀ ABẸ́ FÀDÁKÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Lọ́dún 2010, nígbà tí Paul Orhii jẹ́ ọ̀gá NAFDAC, ni àjọ náà gbé ọ̀nà tuntun dé. Ilé iṣẹ́ Sproxil, tí ọmọ Ghana kan, Ashifi Gogo, dá sílẹ̀, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní Glucophage ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, NAFDAC pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ṣe oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò náà máa fi nọ́ńbà yìí sára páálí wọn, torí pé àwọn oògùn méjèèjì yìí ni àwọn ọ̀dàràn fẹ́ràn jù láti ṣe ayédèrú rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Nọ́ńbà NAFDAC dà bí orúkọ ìdílé, gbogbo ọmọ ilé ló ń jẹ́ ẹ. Nọ́ńbà abẹ́ fàdákà dà bí orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kẹjọ. Páálí kan, nọ́ńbà kan. Kò sí méjì tó bá ara mu. Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá họ fàdákà, tí ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á wá a nínú ìwé rẹ̀. Bó bá rí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì bèèrè rẹ̀ rí, yóò dá yín lóhùn pé ojúlówó ni, yóò sì dárúkọ oògùn náà. Bí kò bá rí i, tàbí tí ẹnì kan bá ti bèèrè rẹ̀ ṣáájú, yóò kìlọ̀ fún yín.

Ẹ wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ta oògùn fún mi kò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni nọ́ńbà náà lè jẹ́rìí fún páálí kan. Bí ẹlòmíràn bá ti lo ẹ̀rí yẹn, kò sí ẹ̀rí tó kù fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé oògùn mì. Ẹni tó ń ta oògùn kò gbọdọ̀ bá yín họ ọ́, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó.

Ẹ TẸ̀LÉ E BÁYÌÍ

Ẹ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó ṣe é. Bí ẹ bá ti délé, ìjà ni dídá oògùn padà máa ń dà.

1. Ẹ gba páálí odindi. Ẹ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ṣì lẹ̀ dáadáa. Ẹ ka ọjọ́ tí agbára oògùn náà yóò tán, kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ tó wà lára páálí bá tara sáṣẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ mu.

2. Ẹ wá ibi tí wọ́n fi fàdákà bò. Bí wọ́n bá ti họ ọ́, ẹ dá a padà, kí wọ́n fún yín ní òmíràn.

3. Ẹ fi owó ẹyọ tàbí èékánná họ ọ́ jẹ́jẹ́, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ má baà parẹ́.

4. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ fi ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkurú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Sproxil bẹ̀rẹ̀, 38353 ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ju ẹyọ kan lọ, èyí tó wà lára páálí ọwọ́ yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà fóònù gígùn, irú tèmi àti tiyín, ẹ fura.

5. Ẹ ka èsì dópin. Orúkọ oògùn tí wọ́n dá gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu. Ẹ̀yin tí ojú yín kò ríran dáadáa tàbí tí ẹ kò mọ̀wé kà, ẹ mú ọmọ yín tàbí ọmọ ọmọ yín dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

6. Bí èsì bá ní kí ẹ ṣọ́ra, ẹ má lò ó, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ tọ́jú páálí, sáṣẹ́ẹ̀tì àti rìsíìtì, kí ẹ fi tó NAFDAC létí. Páálí yẹn ni wọ́n máa fi tọpa ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá dà á sí ààtàn, ẹlòmíràn ni yóò ra ìkejì rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo oògùn ló ní fàdákà yìí lójú. Èyí tí kò ní kì í ṣe ayédèrú dandan. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, ẹ rà á lọ́wọ́ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì tún lè wo ìwé orúkọ oògùn tí NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Greenbook ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ oògùn náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi apòògùn kí ẹ tó ná owó yín.

OHUN TÍ FÓÒNÙ KÒ MỌ̀

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mo ti rí àwọn tó gba èsì “ojúlówó” lórí fóònù, tí wọ́n sì rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí nìyẹn. Rárá o. Ohun tí fóònù ń sọ kò ju pé páálí yìí wá láti ilé iṣẹ́ tó ni ín.

Ẹ rántí ọdún 2008. Oògùn eyín ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Diethylene glycol tó pa ọmọ lọ́dún 1990 tún wọ inú rẹ̀, ọmọdé 84 ló sì gba ọ̀run lọ. Àwọn ọ̀daràn inú òkùnkùn kọ́ ló ṣe é. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ló ṣe é, ó sì ní nọ́ńbà NAFDAC. Ká ní nọ́ńbà abẹ́ fàdákà ti wà lára rẹ̀ nígbà náà, tí ìyá kan sì fi ránṣẹ́, “ojúlówó” ni èsì ì bá jẹ́. Nítorí náà, bí NAFDAC bá kéde lórí rédíò pé kí àwọn èèyàn dá oògùn kan padà, ẹ má sọ pé fóònù yín ti fọwọ́ sí i. Ẹ wo nọ́ńbà ìdìpọ̀ tó wà lára tiyín, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n kéde.

Fóònù kò mọ̀ pé wọ́n ti sá oògùn náà sínú oòrùn fún oṣù méjì. Bí oògùn bá ti yí àwọ̀ padà, tó ń fọ́ lọ́wọ́, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi sílẹ̀, bí èsì tilẹ̀ dára.

Fóònù kò mọ àìsàn tó ń ṣe yín. Ojúlówó oògùn ibà kò lè wo jẹ̀díjẹ̀dí, ojúlówó apakòkòrò kò sì lè wo ibà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn ibà. Kì í pẹ́ rárá, ìkán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ni.

Fóònù kò mọ̀ pé ẹ lóyún, pé ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn, pé kíndìnrín yín kò dára, tàbí pé oògùn kan wà tí ara yín kọ̀. Apòògùn àti nọ́ọ̀sì ló lè bi yín ní ìyẹn. Bí wọn kò bá bi yín, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.

OÒGÙN TÍ WỌ́N FI SÍSỌ́Ọ̀SÌ GÉ

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí kò wúlò fún ẹni tí kò rí páálí rárá. Bẹ́ẹ̀, báyìí ni púpọ̀ nínú wa ṣe ń ra oògùn. A ó dé ṣọ́ọ̀bù, a ó ní, “Ẹ fún mi ní oògùn ibà.” Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé ẹyọ mẹ́rin lára sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ àwọn hóró funfun àti aláwọ̀ méjì kan nínú ọ̀rá. Kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, kò sí nọ́ńbà. Bí ọmọ bá wá gbé e mì tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, kí ni ẹ fẹ́ fi han dókítà? Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ní Akọ́dà tàbí Òkè-Gádà á ti bá àwọn tó ń fi ẹnu dídùn polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì pàdé. Ibi tí ẹ ó ti rí wọn lọ́la bí oògùn náà kò bá ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún àwọn oníkẹ́míìsì kéékèèké kò fún wọn láyè láti máa ta apakòkòrò, inú páálí tí ilé iṣẹ́ fi kó oògùn wá ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa tà á. Àjọ Pharmacy Council of Nigeria ló ń bójú tó wọn. Kì í ṣe pé ẹ ń fi ìwọ̀sí lọ ẹnikẹ́ni bí ẹ bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí páálí rẹ̀.”

Mo mọ̀ pé owó ló fà á. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ra ìdajì nítorí pé ohun tó wà lọ́wọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi oògùn ibà tí a ń lò jù báyìí, èyí tí artemether àti lumefantrine wà nínú rẹ̀, ṣàlàyé. Ìgbà mẹ́fà la ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó jẹ́ 20/120, ẹyọ kan ni ọmọ tó wọn kìlò 5 sí 14 ń lò lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kìlò 15 sí 24 ń lo méjì, ẹni kìlò 25 sí 34 ń lo mẹ́ta, ẹni tó bá tó 35 sókè ń lo mẹ́rin. Ìyẹn ni pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lo ẹyọ 24 kó tó parí. Ẹni tó ra mẹ́rin ti lo ìgbà kan nínú mẹ́fà. Ara á fúyẹ́ díẹ̀, kòkòrò ibà á ṣẹ́kù, yóò sì padà wá. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ fún dókítà tàbí apòògùn pé kí wọ́n fún yín ní èyí tó dín lówó tí èròjà kan náà wà nínú rẹ̀. Ó wà dáadáa. Odindi oògùn olówó pọ́ọ́kú sàn ju ìdajì olówó gọbọi lọ.

FÓÒNÙ NÁÀ LÈ RÁN YÍN LÉTÍ

Fóònù kan náà tún lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ìlò kejì oògùn ibà tí mo dárúkọ yìí gbọ́dọ̀ wáyé ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá lo àkọ́kọ́ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, agogo márùn-ún ìdájí ni ìkejì. Ta ló fẹ́ rántí? Ẹ fi aago fóònù sí i kó dún. Lẹ́yìn ìyẹn, àárọ̀ àti alẹ́ ni fún ọjọ́ méjì, kí ẹ sì jẹun sí i, oúnjẹ tó ní òróró díẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí oògùn náà wọ ara. Bí ọmọ bá bì ín láàárín wákàtí kan, ẹ tún ìwọ̀n yẹn fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún oògùn ojoojúmọ́ yín. Àwọn ọmọ yín tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun lè máa pè yín lákòókò oògùn. Ìpè ìṣẹ́jú kan yẹn lè ṣe yín láǹfààní ju owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Bí gìrì bá mú ọmọ, tí kò lè mu omi, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí kò tọ̀, tàbí tí ẹ pè é tí kò dáhùn dáadáa, ẹ gbàgbé fóònù àti páálí. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíá.

Ọmọ àbúrò mi ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó sì ń da ilé rú bó ṣe yẹ kí ọmọ ṣe é. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i, mo máa ń rántí pé ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni mo fẹ́ fi pàrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tijú. Ẹ bèèrè páálí, ẹ họ ọ́ fúnra yín, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ ka èsì, kí ẹ sì tún bi apòògùn léèrè ohun tí fóònù kò mọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dìgbà kan ná.